Ẹ̀gún Ẹsẹ̀ Àgbò

"Àlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ abẹ́ òṣùpá!"

"Àlọ̀ o!"

Àlọ́ mi takìtì, ó balẹ̀ sí àgọ́ àwọn ọmọ ogun ẹranko. Ogun ti parí, Àgbò sì ni olórí àwọn tó ń tọ́jú wọn. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń fọ ojú egbò, Ìgbín ń fi omi ara rẹ̀ tù ú.

Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀! Lójú àwọn ọmọ ogun yìí, ẹni tó bá ní ara ń ro òun, ojo ni. Láàárọ̀, Àgbò béèrè pé, "Ta ni ara ń ro?" Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Lọ́sàn-án, ó jágbe mọ́ wọn. Wọ́n ní ara àwọn le koko, bẹ́ẹ̀ Ẹfọ̀n ń tiro! Àgbò sì mọ̀ pé egbò tí a bò mọ́lẹ̀ a máa pani. Àṣé òun náà ń fi ẹ̀gún pamọ́.

Nírọ̀lẹ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wọn, ó na ẹsẹ̀, ó dárin, wọ́n ń gbè é:

"Ẹ̀gún gún mi, mo dákẹ́ o."

"Tẹ̀rẹ̀nà!"

"Ẹ bá mi yọ ọ́, ẹgbẹ́ mi o."

"Tẹ̀rẹ̀nà!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ fà á yọ, Ìgbín tù ú. Àgbò mí kanlẹ̀. Ni Ẹfọ̀n bá bú sẹ́kún: "Ọ̀gá, èmi náà ńkọ́?" Ni gbogbo wọn bá tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀rín ti gba àgọ́ kan.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sùn sí. Ó yá, ta ló ti ń tiro láàárín yín látàárọ̀? Ẹ kọ́kọ́ wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tèmi tó ń ro mí yìí ná.