Iye Tí Ọ̀nì Dá Lé Àwẹ̀ró

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín kú ìjókòó, mo kí yín kú ojú lọ́nà ẹni tí kò tíì dé. Èmi ni Ọdẹ́dínà, ọmọ bíbí Igbódò, ìlú tí odò yí ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń yí ìdí ìyàwó. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dá iye lé ẹni tí wọ́n gbé lọ.

Àwẹ̀ró aya mi wa ògbólógbòó ọkọ̀ wa lọ wo ìgèrè ẹja, ni àwọn ọ̀nì bá gbé òun àti ọkọ̀ wọ ibú. Ilé mi wá dà bí ààrò tí iná kú sí. Ẹní tí àwa méjèèjì ń sùn lé di pápá tí n kò lè là já. Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo di ẹran gbígbẹ sínú agbọ̀n méjì, mo sì wọ odò lọ. Omi ká sókè fún mi bí aṣọ ẹnu ọ̀nà, mo bá ọjà nísàlẹ̀, wọ́n so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́, àwọn èèyàn tí wọ́n mú sì jókòó sínú wọn. Ọ̀nì àgbà wà lórí àpáta, ó ń jẹ obì.

Àgbẹ̀ kan ṣáájú mi, ó wá ra ọmọ rẹ̀ padà. Ọ̀nì ní kí ó mú agbọ̀n iṣu kan wá. Bí bàbá náà ti rí ọmọ rẹ̀, ẹkún gbọ̀n ọ́n: “Gbogbo ohun tí mo ní ni n ó kó lé e.”

Ọ̀nì ní, “Ó di agbọ̀n mẹ́wàá.”

Bàbá náà wólẹ̀. Ọ̀nì ní, “Ó di ogún.”

Mo ní nínú mi pé Ọdẹ́dínà, omijé ni òṣùwọ̀n ibí yìí o.

Ọ̀nì kọjú sí mi: “Ìwọ ọdẹ, kí lo wá rà?”

Àwẹ̀ró ń wò mí láti inú ọkọ̀ wa. Ọkàn mi ń fò bí ẹja inú ìgèrè, ṣùgbọ́n mo gbójú kúrò lára rẹ̀ bí ẹni tó rí ata jíjẹrà.

“Ọkọ̀ yìí ni.”

“Agbọ̀n mẹ́rin.”

“Bàbá, èyí tó ń jò yìí? Agbọ̀n kan.”

“Ahun ni ọ́. Mẹ́ta.”

Mo kẹ́yìn sí i, mo ń lọ bí a ti ń ṣe lọ́jà. Ẹsẹ̀ mi nìkan ló mọ ohun tí ó ń rò.

“Padà wá, má bínú lọ. Mú méjì.”

Mo san án. Mo wá ní, “Èènì mi ńkọ́, Bàbá? Ọlọ́jà tí kì í fún ni léènì, ta ni ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀? Obìnrin tó jókòó sínú rẹ̀ yẹn náà tó.”

Ọ̀nì rẹ́rìn-ín títí obì fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Mú un lọ. Ọjà tí oníbàárà kò wò lẹ́ẹ̀mejì, ẹrù ló jẹ́ fún ọlọ́jà.”

Bí a ti ń wọkọ̀ lọ, mo rí i tí àgbẹ̀ yẹn nu ojú, tó ń béèrè iye ọkọ̀ kan tó fọ́.

Àwẹ̀ró kẹ́yìn sí mi nínú ọkọ̀. Mo ní, “Àwẹ̀ró, ọgbọ́n ni mo dá.”

“Mo mọ̀, Bàbá Oyèníran. Bí ó bá ṣe èmi ni mo wá rà yín, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe. Ṣùgbọ́n etí mi ti gbọ́ ọ pé èènì ni mí.”

Láti ọjọ́ náà, ó ń dáná, ó ń bu omi fún mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ìgbẹ́ dé, “Ẹ káàbọ̀” nìkan ni mo ń gbọ́. Kò pè mí ní Àlàó mọ́, oríkì mi tó fi ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà; bàbá ọmọ wa Oyèníran nìkan ni mo jẹ́. Ó wà nílé, mo sì ń retí rẹ̀. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mo máa ń sọ iye rẹ̀ fún un: gbogbo ẹran tó wà nígbó Igbódò, gbogbo omi tó yí wa ká.

Á ní, “Ẹ fi kún un.”

Mo sì ń fi kún un títí di òní.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi ìfẹ́ yín pamọ́ lójú ẹni tó gbé olólùfẹ́ yín lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá délé, ẹ san án tán sí etí ẹni tó ni ín. Mo ń lọ ná, ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́, n kò tíì ronú ohun tí n ó fi kún un lónìí. Kí ẹni tí olúkúlùkù ń retí padà bọ̀ wálé.