Ìkòkò Tí Kì Í Yí

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Fadérera kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lórí ìkòkò mímọ, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni olùkọ́ rẹ̀, Dókítà Látòsà, fi bíírò pupa kọ ọ́ sí i pé, "Ta ló rí i?" Inú bí ọmọ náà. Ṣebí ìwé mẹ́ta ló sọ pé amọ̀kòkò á jókòó, ìkòkò á sì máa yí níwájú rẹ̀!

Ó bá gba abúlé àwọn amọ̀kòkò lọ. Ìyá Àṣàbí, àgbà wọn, gbọ́ ohun tí ìwé wí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìkòkò wa kì í yí, ọmọ mi. Àwa là ń yí i ká. Ọkùnrin kan tó ń kọ̀wé wá síbí rí, àmọ́ ọjọ́ òjò ni, a ò mọ ìkòkò. Ohun tí awakọ̀ rẹ̀ sọ fún un ló gbé lọ."

Fadérera ṣí ìwé mẹ́ta náà wò; ọ̀kan nínú wọn dárúkọ abúlé yìí. Áà! Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn ni àwọn méjì yòókù ti dà á kọ.

"Ìròyìn ò tó àfojúbà," ni ìyá wí. "Ó yá, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká títí ọ̀sán fi pọ́n.

Nígbà tó tún iṣẹ́ náà kọ, tó sì gbé e padà, Dókítà kà á tán, ó gbójú sókè: "Ta ló rí i?"

Fadérera fọwọ́ di ìbàdí mú, ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ni, sà. Ẹ̀yìn ṣì ń ro mí."