Òǹtẹ̀ Márùn-ún

Ọkùnrin kan wà, tíṣà ni, tí òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ kan kò lè fara pa mọ́ fún. Bí òǹtẹ̀ orí sítáǹpù àtijọ́ tilẹ̀ ti parẹ́ tó ku álífábẹ́ẹ̀tì méjì péré, yóò gbé awò tó ń sọ kékeré di ńlá lé e, yóò sì dárúkọ ìlú tó ti wá àti ọdún tí wọ́n lù ú.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin wà nílé ọkọ lọ́nà jíjìn. Kò mọ̀wé, akọ̀wé lẹ́tà ló máa ń bá a kọ̀wé sí i. Ẹ sì mọ lẹ́tà àwọn akọ̀wé: wọn á kí bàbá, wọn á kí ìyá, wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kí ewúrẹ́ ilé, kí ọ̀rọ̀ gan-an tó yọjú nísàlẹ̀ ewé kejì. Tíṣà kì í kà á débẹ̀. Bó bá ti rí "mo kí yín púpọ̀," á ní àlàáfíà ni wọ́n wà. Á mú àlùmọ́gàjí, á gé igun tí sítáǹpù wà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ńlá rẹ̀. Ìyókù di ohun ìdáná.

Lọ́jọ́ kan, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́tà wá kí i. Tayọ̀tayọ̀ ló fi ṣí ìwé náà, ó fi márùn-ún tó wá láti ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ hàn án, bó ṣe tò wọ́n ní a-bí-dí: Ìdó, Ìkàrẹ́, Ìlá, Ọ̀fà, Ọ̀tùn. Bàbá náà kò yìn ín. Ó ń fi ìka tọ déètì wọn lẹ́sẹẹsẹ, láti Ọ̀fà títí dé Ìkàrẹ́.

Ó ní, "Tíṣà, oṣù méjì-méjì ló ń ṣí kúrò níbi kan. Kí ni àbúrò yín ń wá kiri?"

Tíṣà fa ìwé náà mọ́ra, ó wo déètì wọn fúnra rẹ̀. Ó ti fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ojú tì í débi pé kò lè sin àlejò rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

Òǹtẹ̀ Ìkàrẹ́ ló kẹ́yìn, ó sì ti pé ọdún kan. Ó wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Akọ̀wé tó ń jókòó níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ rántí obìnrin náà. Ó ní ọkọ rẹ̀ ló lé e jáde, obìnrin náà sì sọ pé ẹ̀bẹ̀ kan náà ni òun ń bẹ̀ nínú gbogbo lẹ́tà òun: kí ẹ̀gbọ́n òun, olórí ilé baba wọn, jẹ́ kí òun padà wálé.

Akọ̀wé júwe ilé tí wọ́n gbà á sí. Ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀ ló ti bá a, tó ń bó ẹ̀gẹ́ fún onílé. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Àwọn lẹ́tà mi ni kò dé ọ̀dọ̀ yín."

Ì bá rọrùn fún Tíṣà láti gbà bẹ́ẹ̀. Kò lè gbójú sókè.

"Wọ́n dé," ló wí. "Gbogbo wọn ló dé."

Obìnrin náà tẹ̀ lé e wálé lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n láti Ìkàrẹ́ dé ilé, kò bá a sọ gbólóhùn kan.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? O mọ ìlú tí ẹni rẹ wà. O mọ ọjọ́ tó ránṣẹ́ sí ọ kẹ́yìn, o lè kà á fún mi láìwòwé. N kò bi ọ́ ní ìyẹn. Kí ló sọ lẹ́yìn tó kí ọ tán?