Orí Bẹ́ǹṣì Ìta

Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ní agboolé wa, wọ́n fá ti Ìyá Mákanjúọlá.

Jẹjẹrẹ ọyàn ti ràn dé egungun Ìyá kí wọ́n tó gbé e wá sí Ìbàdàn. Àwọn ọmọ fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, àwọn nìkan wọlé tọ dókítà. Dókítà ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa fún un kò lè wo àrùn náà tán, yóò kàn dá a dúró díẹ̀ ni. Àwọn aláìsàn kan ń gbà á púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn mìíràn ń gba díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Ẹ bi màmá yín léèrè èyí tí wọ́n fẹ́."

Mákanjúọlá ní, "Kí la fẹ́ bi wọ́n, Dókítà? Díẹ̀díẹ̀ ló máa rọ̀ wọ́n lára."

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá ṣe di ará Ìbàdàn. Bí ara rẹ̀ bá fẹ́ mókun, abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mìíràn ti dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fọ́jú ń ránṣẹ́ láti ilé ní Ìpàpó pé òun fẹ́ fọwọ́ kàn án. Títí wọ́n fi sin ẹ̀gbọ́n náà, Ìyá kò ráyè lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú náà ni nọ́ọ̀sì kan sọ fún un pé, "Màmá, àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ yìí lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta máa ń ráyè lọ sílé."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Fadérera, ọmọ rẹ̀ obìnrin, mú abẹ wá, nítorí abẹ́rẹ́ náà ti ń mú kí irun Ìyá já. "Màmá, ṣé kí n bá yín fá ìyókù?"

Ìyá wo abẹ náà. "O wá ń bi mí lónìí? Fá a. Ọjọ́ tó yẹ kí ẹ bi mí, orí bẹ́ǹṣì lẹ fi mí sí."