Ẹ̀rọ Tó Ń Ké Mọ́ Gbogbo Ènìyàn

Ọ̀gá Adéṣọ̀kan, ọlọ́pàá ojú pópó tí gbogbo dírẹ́bà ń sá fún ní oríta Ìgbó-Àró, ní ẹ̀rọ kékeré kan tó fi ń mọ ẹni tó mutí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ èémí sí i ló ń ké mọ́, títí kan ìmáàmù. Ẹni tó bá sì kọ̀, láísẹ́ǹsì rẹ̀ lọ nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dá Múfútáù onílọ́rì iṣu dúró, ó gba láísẹ́ǹsì rẹ̀, ó na ẹ̀rọ sí i lẹ́nu. Múfútáù, tó ti ń wakọ̀ láti ìdájí tí ẹ̀yìn sì ń dùn ún, rọra nu ojú. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Nílùú tiwa, ẹni tó bá bu omi fún àlejò ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ èémí sí i, kí n rí i." Èrò ti pé lé wọn lórí. Ọ̀gá wo ẹ̀rọ, ó wo èrò. Bí ẹ̀rọ bá ké, àfi kó jẹ́ pé ọ̀gá ti mutí, tàbí pé ẹ̀rọ ń parọ́. Ó jágbe: "Mi ò ní fẹnu kàn án!" Múfútáù mí kanlẹ̀, ó tẹ́wọ́. "Ẹ̀yin náà ti kọ̀ nìyẹn, sà. Ẹ mú láísẹ́ǹsì tiyín wá, tàbí kẹ́ ẹ dá tèmi padà, kí n lọ sùn."