Agbọ̀n Kan Náà tí Ìgbín Gbé Lọ Sọ́jà

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ààlọ́ mi rìn títí, ó dá lórí Ìgbín, obìnrin jẹ́jẹ́ tó mọ bí ọjà ṣe wọ́n tó.

Ní ìlú àwọn ẹranko, ogún owó ẹyọ ni Erin ọba ń san lóṣù fún ẹni tó bá ń yẹ̀nà ìlú. Nígbà tó yá, owó náà kò bọ́ ọmọ mọ́. Ẹfọ̀n, olórí àwọn tó ń yẹ̀nà, wá sáàfin.

"Kábíyèsí, iṣu ti di ìlọ́po méjì. Bí owó wa ò bá lé sí i, a óò kó kúrò nílùú."

Ọ̀bọ ìjòyè ní, "Irọ́ ni. Iyọ̀ ti wálẹ̀ lọ́jà. Ara dẹ ìlú."

Erin ní ẹni tó bá ń purọ́ nínú wọn yóò fi ìlú sílẹ̀.

Ìgbín wà láàfin lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ọba ń bà á, àmọ́ àánú Ẹfọ̀n ṣe é. Ó ní, "Kábíyèsí, kò sẹ́ni tó purọ́. Ẹnì kan di iṣu mú, ẹnì kan di iyọ̀ mú. Lọ́dọọdún, tí iṣu tuntun bá jáde, ohun mẹ́rin kan náà ni mò ń rà: iṣu ńlá kan, iyọ̀ àwo kan, epo ìgò kan, igi ìdì kan. Ọdún tí ẹ dá owó iṣẹ́ sí ogún, ogún náà ni mo ra gbogbo rẹ̀. Iṣu tuntun ti jáde báyìí, ẹ jẹ́ ká lọ wo iye tó jẹ́ lónìí."

Wọ́n gbéra. Ìgbín ń wọ́ lọ, wọ́ọ́, wọ́ọ́, wọ́ọ́, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Agbọ̀n kan náà ni mo gbé o
— Jẹ́jẹ́, Ìgbín, jẹ́jẹ́
Mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò
— Jẹ́jẹ́, Ìgbín, jẹ́jẹ́
Ọjà ló ń yí, èmi ò yí
— Jẹ́jẹ́, Ìgbín, jẹ́jẹ́

Wọ́n dé ìdí iṣu. Ọ̀bọ ní, "Mú kékeré yìí." Ìgbín ní, "Rárá, ńlá ni mo rà léṣìí." Ó sọ ńlá sínú agbọ̀n, gbì! Ó bu iyọ̀ àwo kan lé e. Wọ́n dé ìdí epo. Ọ̀bọ ní, "Ààbọ̀ ìgò tó." Ìgbín ní, "Rárá, ìgò kan ni." Wọ́n dé ìdí igi. Ọ̀bọ ní, "Fi igi sílẹ̀, ó wúwo." Ìgbín gbé e, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Olóyè," ló wí, "bí mo bá yí ẹrù padà, báwo la ó ṣe mọ̀ pé ọjà ló yí?"

Ó ka owó níwájú ọba: owó iṣu jẹ́ mẹ́rìndínlógún, ti iyọ̀ mẹ́rin, ti epo méje, ti igi mẹ́ta. Ó di ọgbọ̀n.

Erin wo ẹni kékeré yìí. Ó ní, "Gbogbo wa ń nájà, ìwọ nìkan lo ń wọn ọjà." Ó sọ owó iṣẹ́ di ọgbọ̀n lọ́jọ́ náà. Ẹfọ̀n tẹrí ba fún Ìgbín, kò sì sẹ́ni tó kúrò nílùú. Ọ̀bọ fúnra rẹ̀ ló gbé agbọ̀n náà dé ilé fún un.

Ibi tí àlọ́ mi sinmi sí nìyí. Ó kọ́ wa pé ká má fi ohun kan ṣoṣo dá ọjà lẹ́jọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ayé ṣe wọ́n tó, kó wọn gbogbo rẹ̀ pọ̀, kó má sì yí òṣùwọ̀n padà.