Ẹ Gbé E Rù Mí

Ọdún méje ni Àwẹ̀ró fi ń dá wá ọmọ kiri. Nọ́ọ̀sì ní kó mú ọkọ rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò. Gbádébọ̀ kọ̀, ó ní ara òun le.

Lọ́jọ́ kan, Gbádébọ̀ ra ààbọ̀ àpò ẹ̀wà ní ìsọ̀ mi lọ́jà. Ó gbé e títí, kò dé orí.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e rù mí.”

Mo káwọ́ lẹ́rán. “Ṣebí ìyàwó ẹ náà ń dá tiẹ̀ gbé? Àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, akọni!”

Ó wolẹ̀. “Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bó bá jẹ́ èmi ńkọ́?”

“Kó jẹ́ ìwọ. Ẹ ó jọ gbé e ni.” Mo gbé ẹ̀wà rù ú.

Òun àti Àwẹ̀ró jọ lọ fún àyẹ̀wò. Àtọ̀ tirẹ̀ ni kò pọ̀ tó. Wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀.

Lánàá, Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ níwájú ìsọ̀ mi. Gbádébọ̀ ló gbé ọmọ pọ̀n ọ́n.